Ẹkún Kan Tí Bàbá Àgbà Sun Lẹ́ẹ̀mejì

Ẹkún ni bàbá tó bí bàbá mi fi ń jẹun. Mi ò fi ṣe àkàwé o, iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Bí wọ́n bá ń ṣe fíìmù, tó wá kan ibi tí bàbá arúgbó kan ti máa sunkún ọmọ, tàbí ibi tí wọ́n ti lé e kúrò nínú ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, òun ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè. Wọ́n á pè é láti Ìbàdàn, wọ́n á pè é láti Abẹ́òkúta. Á di báàgì kékeré kan, á wọ mọ́tò ní gáréèjì Òmù-Àrán, á lọ sunkún, á sì padà wálé. Ẹ̀yin olólùfẹ́ rẹ̀ lẹ sọ ọ́ ní Bàbá Ẹlẹ́kún. Èmi ò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá Àgbà ni mò ń pè é, èmi Ráfíátù, ọmọ tí àkọ́bí rẹ̀ bí, tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta níwèé ní Èsìẹ́.

Látìgbà tó ti kú ni mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ nípa rẹ̀ lórí fóònù. Ẹ ní ọkàn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Ẹ ní kò sí baba tó mọ ìfẹ́ ọmọ bíi tirẹ̀. Ẹnì kan tilẹ̀ kọ ọ́ pé inú ilé irú ẹni bẹ́ẹ̀ á máa dùn lójoojúmọ́. Mo ka ìyẹn, mo da ojú fóònù délẹ̀. Ẹ má bínú sí mi. Ojú tó kọ sí kámẹ́rà lẹ mọ̀. Èyí tó kọ sí àwa ni èmi mọ̀, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí, títí kan ibi tí ẹ̀bi ti jẹ́ tèmi.

Àkọ́kọ́ ná, kò sẹ́ni tó rí omijé rẹ̀ nínú ilé wa rí. Bí Ìyá Àgbà, ìyàwó rẹ̀, bá fẹ́ gé àlùbọ́sà, Bàbá Àgbà á gbé àga rẹ̀ jáde. Ẹ̀lùbọ́ ni Ìyá Àgbà ń ṣe tà, ìgbà tó bá sì ń bọ iṣu lórí iná igi, tí èéfín bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé, ìta ni ọkọ rẹ̀ á wà títí iná á fi kú. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ kan. Mo ní, "Bàbá Àgbà, odindi yín, ẹ̀ ń sá fún àlùbọ́sà?" Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ojú yìí ni ọkọ́ tí mo fi ń roko. A kì í fi ọkọ́ ha ìkòkò."

Bí èmi fúnra mi bá ń sunkún wá bá a, bóyá ẹnì kan nà mí níléèwé, kì í ní kí n dákẹ́ bí àwọn àgbà yòókù. Kì í sì í gbé mi mọ́ra. Á kàn fọwọ́ tọ́ka sí àpótí ìjókòó pé kí n jókòó, á máa ṣe ohun tó ń ṣe lọ. Bí mo bá fẹ́ máa rojọ́ mọ́ ẹkún, á ní, "Sun ún tán ná. Ẹkún àti ọ̀rọ̀ kì í gba ẹnu kan náà jáde."

Mo bá a lọ síbi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, nígbà ọlidé, nílé kan tí wọ́n gbà ní Ìlọrin. Àwọn òṣèré yòókù ní ìpara kan tó máa ń ta wọ́n lójú, wọ́n á fi díẹ̀ sábẹ́ ìpéǹpéjú, omi á máa dà. Wọ́n fi lọ̀ ọ́, ó kọ̀. Ó gbé àga lọ sí kọ̀rọ̀, ó kọjú sí ògiri, ó ju orógbó kan sẹ́nu. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kí i. Obìnrin tó ń mú ìwé eré dání wá bẹ̀ ẹ́ pé oòrùn ti ń wọ̀, pé kó ṣe kíá. Kò yíjú padà. Ó ní, "Ẹkún kì í gbọ́ kíá. Ẹ lọ máa tọ́jú iná yín." Nígbà tó yá, ó na ìka kan sókè, gbogbo wọn sáré sí ipò wọn. Ohun tí mo rí lójú rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀ tí mo jáde síta. Mi ò bá a lọ mọ́.

Ẹ tún máa ń sọ pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Irọ́ ni. Inú rẹ̀ le. Níbi ìkómọ kan ní Ìsánlú-Ìsin, ọkùnrin kan tí ọtí ti ń pa lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, ó ní, "Bàbá, ẹ sunkún díẹ̀ fún wa ká rí i." Gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ti yọ fóònù. Bàbá Àgbà ṣí owó náà kúrò, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ó bi ọkùnrin náà pé, "Ta ló kú fún ọ?" Ọkùnrin náà ní kò sí o, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Bàbá Àgbà ní, "Lọ dúpẹ́ nígbà náà, kí o jẹ́ n jẹun." Ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn.

Kò sì mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀. Èyí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nípa rẹ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ kan, Bàbá Kásúmù, tí wọ́n jọ pààlà lóko ní Rore. Bàbá Àgbà gé ẹ̀ka igi kájú ọ̀rẹ́ rẹ̀ láìtọrọ àyè, wọ́n sì bára wọn yan odì fún odindi ìgbà òjò kan. Ó mọ̀ pé òun lòun jẹ̀bi. Dípò kó lọ sọ bẹ́ẹ̀, iṣu mẹ́ta ló gbé rù mí pé kí n gbé e lọ. Mo ní, tí wọ́n bá bi mí pé kí ni iṣu wà fún ńkọ́? Ó ní, "Sọ fún un pé iṣu ni." Bàbá Kásúmù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ni iṣu lè parí.

Bàbá mi ń jẹ́ Sulaimọ́nù. Àkànjí ni oríkì rẹ̀. Òun ni àkọ́bí wọn, nítorí náà Bàbá Sulẹ ni gbogbo àdúgbò ń pe Bàbá Àgbà, Ìyá Sulẹ sì ni ìyàwó rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mọ́tò tó ń gbé bàbá mi bọ̀ láti Ìlọrin takìtì lẹ́yìn tí wọ́n kọjá Ganmo. Òwúrọ̀ ni wọ́n gbé e délé. Kí wọ́n tó kírun Alásárì, wọ́n ti sin ín.

Ẹ mọ bí àṣà wa ṣe rí. Òbí kì í tẹ̀ lé òkú ọmọ rẹ̀ lọ sí sàréè. Wọ́n fi àwọn méjèèjì sínú yàrá kan, àwọn arúgbó obìnrin mẹ́ta jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wí ohun kan náà ṣáá pé ẹ gbé e mì, ẹni tó bá sunkún ọ̀dọ́ tó kú ń pe òmíràn ni, ẹ wo àwọn ọmọ tó kù. Ìyá Àgbà ò gbọ́. Ó ki ìborùn bọ ẹnu, ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Bàbá Àgbà kọjú sí ògiri. Mo yọjú wò ó láti ojú fèrèsé. Ojú rẹ̀ gbẹ. Láti ọjọ́ kejì ni àwọn ará àdúgbò ti ń pe wọ́n ní Bàbá Mínà àti Ìyá Mínà, orúkọ àbúrò bàbá mi obìnrin, kí ẹnikẹ́ni má baà dárúkọ òkú sí wọn létí. Bí wọ́n ṣe mú bàbá mi kúrò lẹ́nu gbogbo ayé nìyẹn, láàárín ọjọ́ kan.

Ní ọjọ́ kẹrin, Bàbá Àgbà di báàgì rẹ̀.

Ìyá Àgbà pàdé rẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Ibo lẹ̀ ń lọ?" Ó ní iṣẹ́ ni. Obìnrin náà wò ó, ó wo báàgì. Gbogbo ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ẹ ló máa ń fi bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ tó pè é ní ìwọ. Ó ní, "Ẹkún lo fẹ́ lọ sun. O ò rí omi kan bù fún Àkànjí, o fẹ́ lọ sun tọmọ ọlọ́mọ." Ó pẹ́ gan-an lẹ́yìn ìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó tún pe oríkì yẹn nínú ilé wa. Bàbá Àgbà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó lọ. Ó padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Ìyá Àgbà ò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ fún ọdún mẹ́rìndínlógún.

Kò lé e jáde. Kò sì kó jáde. Ó ń se oúnjẹ rẹ̀, ó ń fọ aṣọ rẹ̀. Ẹnu ni kò yà sí i. Èmi ni wọ́n sọ di ìránṣẹ́ àárín wọn. Àwọn méjèèjì á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà, Ìyá Àgbà á ní, "Ráfíátù, sọ fún bàbá rẹ pé ọkà rẹ̀ ti ń tutù." Bàbá Àgbà á ní, "Sọ fún ìyá rẹ pé mo ti gbọ́." Nígbà tí mo lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Ìlọrin, wọn ò jáwọ́. Ìyá Àgbà á fi fóònù pè mí pé kí n sọ fún un pé omi ìwẹ̀ rẹ̀ ti gbóná, bẹ́ẹ̀ yàrá kejì ló wà. Èmi náà á sì pè é. Àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń fi mí rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé iṣẹ́ kan rí. Ohun tí wọ́n bá rán mi, mo máa ń jẹ́ ẹ.

Ní ti fíìmù rẹ̀, kò sí èyí tó wọ ilé wa. Bí ojú rẹ̀ bá yọ lórí tẹlifíṣọ̀n, Ìyá Àgbà á dìde pa á. Èyí tó sọ ọ́ di olókìkí jáde ní ọdún kejì ikú bàbá mi, èyí tí ẹ̀yin fi ń rántí rẹ̀ yìí, tó ti ń sunkún ọmọkùnrin rẹ̀ tí wọ́n tẹ́ sórí ẹní. Mi ò wò ó. Àwọn ẹgbẹ́ mi níléèwé máa ń ní, "Bàbá yín pa wá lẹ́kún lánàá." Mo máa ń ní kí wọ́n kú ẹkún. Ẹ̀yìn Ìyá Àgbà ni mo wà, mo sì rò pé ẹ̀yìn bàbá mi náà nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Ó mú un lápá òsì, ó sì fa ẹnu rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ojú òsì ò lè pa dé mọ́, omi ń dà níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Àwọn tó bá wá kí i á rò pé torí wọn ló ṣe ń sunkún, àwọn náà á bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gàn ni lójú rẹ̀. Á fi ẹnu wíwọ́ náà sọ ọ́ pé, "Omi ni. Kì í ṣe ẹkún." Ìyá Àgbà ló ń gbé e, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ, òun ló ń fi aṣọ nu ojú yẹn ní gbogbo ìgbà. Kò sọ̀rọ̀ kan.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan tí Ìyá Àgbà lọ sí ẹ̀yìnkùlé, Bàbá Àgbà ní kí n ti ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ ń fà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ó ní, "Ọjọ́ kẹrin tí mo lọ yẹn. Wọ́n ní n ò gbọ́dọ̀ sunkún nínú ilé yìí. Ibi tí wọ́n ti ní kí n wá sun ún ni mo lọ."

Ó ní òun ti ka ìwé eré náà kí bàbá mi tó kú. Òun mọ̀ pé ọmọ kan máa wà lórí ẹní, wọ́n á fi aṣọ funfun bò ó, òun á sì jókòó tì í. Òun ò sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ ni. Délé lorúkọ ọmọ inú eré. Nígbà tí wọ́n tan iná, orúkọ mìíràn ló jáde lẹ́nu òun. Àkànjí lòun pè. Òun ò mọ ìgbà tí òun sun ún tán. Ni olùdarí eré bá rọra sún mọ́ òun, ó ní, "Bàbá, ẹ ṣeun. Orúkọ ọmọ yẹn kọ́ lẹ pè. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe."

Mo ní, "Ẹ sì tún un ṣe?"

"Mo tún un ṣe. Mo pe Délé. Mo sun ún dáadáa, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Èyí tó jẹ́ ti Délé ni wọ́n á fi sínú fíìmù. Ti bàbá rẹ, wọ́n á ti dà á nù." Ó fi ọwọ́ ọ̀tún nu ojú òsì. "Ohun tó ń tì mí lójú nìyẹn, Ráfíátù. Mo sun ẹkún ọmọ mi tán, mo tún gbé e sun fún owó. Bí mo ṣe dé ilé, mi ò mọ bí mo ṣe lè sunkún níwájú rẹ̀ tí kò ní dà bí iṣẹ́. Bá mi sọ fún un."

Mo ní mo ti gbọ́.

Mi ò sọ ọ́. Mi ò gbàgbé o, ẹ má jẹ́ n purọ́ fún yín. Inú bí mi. Ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ ọkà àti omi ìwẹ̀ káàkiri, ó ní ọ̀rọ̀ bàbá mi níkùn, kò yọ ọ́ fún wa. Nínú mi lọ́hùn-ún, mo fẹ́ kó jẹ ìyà náà díẹ̀ sí i. Mo ní kí n ṣì máa wò ó ná, pé tó bá di ìparí oṣù, tí iléèwé bá ti dá, màá fara balẹ̀ jókòó ti Ìyá Àgbà. Láàárín ìgbà yẹn, bí wọ́n bá rán mi pé kí n béèrè bóyá ó fẹ́ ògì, mo ń béèrè. Lójoojúmọ́ tí mo bá ti iléèwé dé, tí mo wọ yàrá, á wo ojú mi, á wo ìyàwó rẹ̀, á tún wo ojú mi. Mo mọ ohun tó ń bi mí. Ọjọ́ kẹsàn-án, ó kú.

Àdúrà ọjọ́ kẹjọ lẹ̀yin olólùfẹ́ rẹ̀ wá. Ọkọ̀ mẹ́ta kún fún yín, láti Ìlọrin, láti Ọ̀fà, ẹ wọ ẹ̀wù tí ẹ tẹ àwòrán rẹ̀ sí láyà. Ẹ̀ ń ya fọ́tò níwájú ilé. Mo bínú sí yín gan-an lọ́jọ́ náà. Obìnrin kan láti Òró ní òun fẹ́ kí opó olóògbé, mo mú un wọlé bá Ìyá Àgbà lórí ẹní níbi tó ti ń ṣe opó. Mo rò pé á kí i, á jáde ni. Ó kúnlẹ̀, kò sì dìde.

Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, mo wá dúpẹ́ ni. Ọmọkùnrin mi kú, wọ́n ní n ò gbọ́dọ̀ sunkún rẹ̀. Fíìmù Bàbá ni mo máa ń gbé síwájú. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, èmi náà á bẹ̀rẹ̀. Bí ọkọ mi bá bi mí léèrè, màá ní fíìmù ni mò ń wò." Kí n tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti yọ fóònù. Ó ní, "Ibí yìí ni."

Mo na ọwọ́ láti gbà á. Ohùn Bàbá Àgbà ti jáde.

Kì í ṣe Yorùbá inú fíìmù ló ń sọ. Ohùn ilé wa ni, bí a ṣe ń sọ ọ́ ní Òmù-Àrán níbí, bó ṣe máa ń pe bàbá mi láti inú oko. Ó ní, "Àkànjí. Ilẹ̀ tutù, Àkànjí. Dìde nílẹ̀." Kò tún sọ ohun mìíràn. Ìyẹn nìkan ló ń tún sọ títí ohùn rẹ̀ fi pin. Ẹ̀yin rò pé oríkì Délé nìyẹn, pé baba tó fẹ́ràn ọmọ ló ń ki ọmọ rẹ̀. Ẹkún àkọ́kọ́ ni wọ́n lò. Àṣé wọn ò dà á nù. Ọdún tí fíìmù náà ti wà níta kò kéré, Bàbá Àgbà kì í wo ara rẹ̀, kò mọ̀ títí ó fi kú. Èmi tí mo ní fóònù lọ́wọ́ ní gbogbo ọjọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán yẹn, ìṣẹ́jú márùn-ún ì bá tó mi láti wò ó, kí n wá sọ fún un.

Ìyá Àgbà di obìnrin náà lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Tún un fi sí i." Obìnrin náà tún un fi sí i. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ní kó máa lọ, kí Ọlọ́run fi àwọn tó kù dá a lọ́lá.

Ó ku èmi àtirẹ̀. Ó ní, "Ráfíátù, o mọ̀ nípa eléyìí?"

Mo lè purọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ẹkún méjèèjì, olùdarí eré, orúkọ Délé, ìtìjú tó mú wálé. Mo ní ó rán mi sí i.

Ó ní, "Ìgbà wo ló rán ọ?"

Mo ní, "Ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, Ìyá Àgbà. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, mi ò mọ ìgbà tí mo ṣe é. Mo ń retí kó bú mi, tàbí kó fi ohunkóhun tó wà nítòsí rẹ̀ lù mí. Kò gbé ohùn sókè. Ẹní tó jókòó lé ló ń wò.

Ó ní, "Ọjọ́ mẹ́sàn-án tó. À bá ti jọ sun ún."